Lemuel Haynes, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ti bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ òmìnira látọdún 1776

Ọjọ́ kẹrin oṣù Jùláì 2026 ni Amẹ́ríkà pé 250 ọdún tí wọ́n ti kọ̀wé pé àwọn ò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ẹni tó bá sì ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ lọ́hùn-ún á ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó àti bàǹgà nìkan, awuyewuye ńlá wà nídìí ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bí wọ́n ṣe máa sọ ìtàn ara wọn, ṣé ká mẹ́nu ba àwọn ẹrú tí àwọn tó kọ ìwé òmìnira ọ̀hún ní nílé àbí ká rọra fò ó. Ní Máàṣì 2025 ni Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí bí àwọn mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian àtàwọn páàkì ìjọba àpapọ̀ ṣe ń sọ ìtàn, àṣẹ náà ní wọ́n ń sọ ọ́ lọ́nà tó ń tàbùkù àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́, pé kí wọ́n tún un ṣe. Látìgbà yẹn làwọn òpìtàn, tíṣà, òṣèlú àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa gbọ́ dandan, pé ẹ má fojú òní wo àwọn ará àtijọ́ o, bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó burú. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa náà, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ayé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lemuel Haynes, torí ará àtijọ́ lòun náà, ojú ẹ̀ ló ṣe, ó gbé ìbọn fún Amẹ́ríkà nínú ogun yẹn, ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ ṣe pásítọ̀ ìjọ Congregational láàárín àwọn òyìnbó, lọ́dún 1776 gan-an ló sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe burú.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Jùláì 1753 ni wọ́n bí i ní West Hartford, ní Connecticut. Ọmọ Áfíríkà ni bàbá ẹ̀, òyìnbó ni ìyá ẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì tọ́ ọ. Ọmọ oṣù márùn-ún péré ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Granville ní Massachusetts, wọ́n fà á lé díákónì kan tó ń jẹ́ David Rose lọ́wọ́ pé kó máa sìn nílé ẹ̀ títí á fi pé ọmọ ọdún 21. Ó fẹ́ jọ ìwọ̀fà ayé àwọn baba wa, àmọ́ nínú tiẹ̀ kò sí gbèsè tẹ́nì kankan jẹ, ọmọ tí wọn ò fẹ́ kó wà lójú ni wọ́n wábi fún. Kì í ṣe ẹrú nínú òfin, òmìnira ẹ̀ ní ọjọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìyàtọ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì torí pé àwọn ọmọ dúdú tó pọ̀ ní New England nígbà yẹn ò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ṣèèṣì pàdé ìyá tó bí i nílé ìbátan kan ní ìlú tó wà nítòsí. Ó rò pé ìyá máa ṣojú àánú sí òun, àmọ́ ṣe ni obìnrin náà ń wá ọ̀nà láti sá mọ́ ọn lójú, Lemuel lé e bá, ó sì sọ̀rọ̀ sí i kíkankíkan. Gbogbo ohun tó ní pẹ̀lú ìyá yẹn láyé ò ju ìyẹn lọ. Ìyàwó díákónì ló wá di ìyá fún un. Haynes fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé obìnrin yẹn tọ́jú òun bí ọmọ tó bí, débi tí àwọn aládùúgbò fi máa ń sọ pé ó fẹ́ràn Lemuel ju àwọn ọmọ tiẹ̀ lọ. Èmi máa ń dúró díẹ̀ síbí tí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí, torí ẹni tí ọwọ́ ẹbí já kalẹ̀ ló padà di ẹni tí ilé ẹ̀ kún fọ́mọ.

Iṣẹ́ oko ló ń ṣe lọ́sàn-án, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣán ni Granville nígbà yẹn. Tó bá dalẹ́ á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, á máa fi ìmọ́lẹ̀ iná kàwé, Bíbélì àti ìwé ìwàásù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ilé Rose ní àṣà kan, ní alẹ́ Sátidé wọ́n máa ń ka ìwàásù ẹni ńlá kan sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, Lemuel ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó kà á. Lọ́jọ́ kan ó yọ ìwàásù kan tóun fúnra ẹ̀ kọ, ó kì í bọnú ìwé, ó kà á bí ẹni pé ọ̀kan nínú tàwọn tó kù ni. Nígbà tó parí, díákónì ní ìwàásù ta nìyẹn o, ṣé ti Davies ni, àbí ti Whitefield? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní rárá, ti Lemuel ni. Látọjọ́ yẹn làwọn ará Granville ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọmọ yìí kì í ṣe ti oko nìkan.

Ọdún 1774 ló parí ìsìn ẹ̀. Kàkà kó wá ibi tó máa lọ jókòó sí jẹ́ẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tó ń múra ogun sílẹ̀ ló lọ forúkọ sí, àwọn Minutemen, nígbà tí ìbọn sì dún ní Lexington ní Épírì 1775, ó wà lára àwọn tó lọ sí Roxbury láti sé àwọn sójà ọba mọ́ Boston. Ó kọ ewì kan nípa ogun Lexington yẹn, ó sì kọ ọ́ sí i fúnra ẹ̀ pé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pàdé lára ẹ̀ ló kọ ọ́, pé ìwọ̀nba ìmọ̀ tóun ní, òun fúnra òun lòun wá a rí. Lọ́dún 1776 ó lọ sí Fort Ticonderoga, ibẹ̀ ni àìsàn typhus ti dá a dùbúlẹ̀ tí wọ́n fi dá a padà sílé.

Àfi ká dúró dáadáa lórí ọdún 1776 yìí. Ọmọ ọdún 23 ni, kò lọ sí yunifásítì kankan, ó wá jókòó, ó kọ àròkọ gígùn kan tó pè ní Liberty Further Extended, ohun tó túmọ̀ sí ni pé òmìnira tí ẹ̀ ń pariwo yìí, ẹ nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ó mú gbólóhùn inú Ìkéde Òmìnira tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lọ́dún yẹn, èyí tó ní Ọlọ́run dá gbogbo èèyàn dọ́gba, ó gbé e sí iwájú ìwé tiẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó ní ọmọ Áfíríkà lẹ́tọ̀ọ́ sí òmìnira ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí i, pé bí òmìnira ṣe níye lórí lójú òyìnbó náà ló níye lórí lójú èèyàn dúdú, bí ìgbèkùn sì ṣe ṣòro fún ọ̀kan ló ṣòro fún èkejì. Ó mú un látinú Bíbélì, ó mú un látinú òfin ìṣẹ̀dá, ó tún mú un látinú ohun tí àwọn sójà ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́ nípa ọba. Ká fi sọ́kàn pé kì í ṣe ẹni tó wà ní òkèèrè ló ń bú wọn, ẹni tó wà nínú kámpù pẹ̀lú wọn, tó ń jẹun pẹ̀lú wọn, tó lè kú pẹ̀lú wọn ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn kan ilẹ̀ wa tààràtà. Haynes lo ìwé Anthony Benezet, ọmọ ìjọ Quaker kan ní Philadelphia tó kó ẹ̀rí jọ lórí bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn lójú agbami láti etíkun Guinea, etíkun Guinea tí wọ́n sì ń wí yìí, Ouidah wà níbẹ̀, Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀, Badagry wà níbẹ̀, lákòókò tí ọmọkùnrin yìí ń fi gègé kọ̀wé ní New England ni ọkọ̀ òkun ń kó èèyàn láwọn ibẹ̀ yẹn. Kò mọ orúkọ ìlú bàbá tiẹ̀. Àmọ́ ó kọ̀wé nípa àwọn abúlé tí wọ́n túká àtàwọn ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ òbí bí ẹni tọ́rọ̀ náà dùn wọ egungun.

Ó tó ọ̀rọ̀ ìjọ báyìí, torí ẹni tí ò bá mọ bí Congregational ṣe ń ṣe ò ní mọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Haynes ṣe tóbi tó. Ìjọ àwọn Puritan tó wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn tó tẹ̀dó sí Plymouth lọ́dún 1620 àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn dé Boston. Ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàkóso ara ẹ̀, kò sí bíṣọ́ọ̀bù, kò sí hẹ́díkọ́tà tó máa gbé pásítọ̀ wá látòkè, àwọn ọmọ ìjọ ló máa dìbò pe ẹni tí wọ́n fẹ́, àwọn náà ló sì máa ní kó máa lọ tí wọn ò bá fẹ́ ẹ mọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà láàárín wa mọ irú ẹ̀, bó ṣe wà ní ìjọ tiwọn náà nìyẹn. Ní Connecticut, ìjọ yìí lòfin ń fi owó orí ṣe àtìlẹ́yìn fún títí di 1818, ní Massachusetts títí di 1833. Nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ pé ìjọ òyìnbó kan pe aláwọ̀ dúdú ṣe pásítọ̀ láyé ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fi agbára mú wọn, àwọn ló jókòó, tí wọ́n sọ ọ́, tí wọ́n dìbò, tí wọ́n sì ní òun là ń fẹ́.

Wọ́n ní kó lọ kàwé ní Dartmouth College, kò lọ. Ọ̀dọ̀ pásítọ̀ Daniel Farrand nílùú Canaan ní Connecticut ló ti kọ́ Látìn lọ́dún 1779, ọ̀dọ̀ alùfáà míì ló ti kọ́ Gíríìkì, ó sì ń ṣiṣẹ́ tíṣà kó lè rí owó fi gbọ́ bùkátà. Ní Nòfẹ́ńbà 1780 ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n fún un láṣẹ láti máa wàásù, ìjọ tuntun kan ní Middle Granville sì ní kó wá máa wàásù fáwọn, ó ṣe ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìlú tó ti sìn láti kékeré nìyẹn o, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló wá jókòó síwájú ẹ̀.

Nínú ìjọ yẹn ni Elizabeth Babbitt wà, òyìnbó, tíṣà, ọmọbìnrin tí ìwàásù Haynes ràn lọ́wọ́ nígbà tí ọkàn ẹ̀ ń dààmú lórí ọ̀rọ̀ ìgbàlà. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ó gbàdúrà sí i, ó wá sọ fún un. Haynes ò sáré gbà, ó mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ fún àwọn méjèèjì, ó kọ́kọ́ lọ bá àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó tó bíi mélòó kan pé kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn, wọ́n ní kó fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1783 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní Hartland, ní Connecticut. Ní Massachusetts tí wọ́n ń gbé, òfin kan wà láti 1705 tó ka ìgbéyàwó òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú léèwọ̀, wọn ò sì pa òfin irú ẹ̀ rẹ́ níbẹ̀ títí di 1843. Ọdún 1967 ni kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó lè fòfin de irú ìgbéyàwó yẹn mọ́, ìyẹn 184 ọdún lẹ́yìn tí pásítọ̀ yìí àti tíṣà yìí ti di tọkọtaya. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí.

Ní Nòfẹ́ńbà 1785 ni wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ ńlá kan fi ṣe òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Amẹ́ríkà. Torrington ní Connecticut ló kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí inú bí pé wọ́n gbé èèyàn dúdú wá síwájú òun, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, kò ṣí fìlà lórí, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù kàn án. Haynes bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ọkùnrin yẹn ló padà sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé kò lọ jìnnà tó fi dà bíi pé ẹni tó funfun jù lọ tóun rí láyé ló dúró lórí pẹpẹ, pé òun sáré ṣí fìlà òun, òun jù ú sábẹ́ àga. Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí, ó sì dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀ dáadáa, ìyìn tó ga jù tí ọkùnrin yẹn lè rí fún pásítọ̀ ẹ̀ ni pé ó funfun. Irú ìyìn bẹ́ẹ̀ ni Haynes fi ń gbé ayé.

Lọ́dún 1788 ìjọ kan ní apá ìwọ̀ oòrùn Rutland, ní Vermont, pè é. Vermont ti kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ ẹ̀ láti 1777 pé àgbàlagbà kankan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹrú, ibẹ̀ sì ni Haynes àti ìyàwó ẹ̀ ti tọ́ ọmọ wọn, 30 ọdún gbáko. Owó tí ìjọ ń san ò tó, ó ń dáko mọ́ ọn bí àwọn pásítọ̀ abúlé ṣe ń ṣe nígbà yẹn. Nínú ìwàásù ìdágbére tó ṣe ní Méè 1818 ló ti ka iṣẹ́ ẹ̀ fún wọn, ó ní nǹkan bí ìwàásù 5,500 lòun ti wàásù láàárín wọn, 400 nínú ẹ̀ jẹ́ ti ìsìnkú. Ọmọ ìjọ 42 ló bá nílẹ̀ nígbà tó dé, àwọn tó wọlé lẹ́yìn náà ju 300 lọ. Ẹ bá mi fojú inú wo òkú 400. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agbolé kan ní àdúgbò yẹn tí kò ì sin òkú wọn, òun ni wọ́n ń pè tí ọmọ bá kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, òun ni wọ́n ń pè tí àgbà bá sùn, òun ló so wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òun ló ṣèrìbọmi fáwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Middlebury College fún un ní oyè M.A. ìdánilọ́lá lọ́dún 1804, kò sí aláwọ̀ dúdú tó ti gba irú oyè bẹ́ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwàásù kan sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Hosea Ballou, oníwàásù ìjọ Universalist, wá wàásù ní àdúgbò ẹ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa rí ìgbàlà níkẹyìn, Haynes dìde lẹ́yìn ẹ̀, ó mú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta níbi tí ejò ti sọ fún Éfà pé ẹ̀yin kì yóò kú, ó ní ẹ wò ó, ẹni tó kọ́kọ́ wàásù irú ìwàásù yẹn nìyí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ní Amẹ́ríkà àti lọ́hùn-ún nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi kọ́ ni iṣẹ́ ẹ̀ tó dáa jù, ọ̀rọ̀ ìfèsì lásán ni, àmọ́ òun làwọn èèyàn ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n sí.

Èyí tó yẹ kí wọ́n máa kà ni ọ̀rọ̀ tó sọ ní Rutland lọ́jọ́ kẹrin oṣù Jùláì 1801, ọdún òmìnira pé 25. Ọjọ́ ayẹyẹ ni, gbogbo ìlú péjọ, pásítọ̀ wọn dìde, ó yin ìjọba olómìnira, ó wá yíjú sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà láàárín wọn. Ó bi wọ́n pé kí ló sọ wọ́n di ẹni ilẹ̀ báyìí, ṣé Ọlọ́run ló dá wọn yàtọ̀ ni? Ó ní rárá, ọwọ́ ìkà àwọn aninilára tó fi wọ́n ṣẹrú ló fà á. Ọjọ́ kẹrin oṣù Jùláì lẹ rí yẹn o, kò sì sí lára wọn tó lè sọ pé àlejò ni, torí ó ti jagun fún ọjọ́ náà.

Kí ló wá dé tí ìjọ tó fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi ní kó máa lọ lọ́dún 1818? Òṣèlú wà nídìí ẹ̀. Haynes jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Federalist paraku, ẹgbẹ́ Washington, kò fẹ́ràn Jefferson, olórí ẹgbẹ́ kejì, rárá, ó sì sọ̀rọ̀ gbangba lòdì sí ogun 1812 tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà, tí ọ̀pọ̀ ará Vermont tì lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní Brandon ní Fẹ́búárì 1813 le, ó bu àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn atukọ̀ òyìnbó nígbà tí àwọn ẹrú wà nílùú wọn. Àwọn àgbà ìjọ tó pè é ti kú tán díẹ̀díẹ̀, ìran tuntun ti dé, ẹnu sì ń kùn. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn ará Rutland gbọ́n gan-an, pé ó gbà wọ́n ní 30 ọdún kí wọ́n tó rí i pé èèyàn dúdú lòun, bí wọ́n ṣe rí i báyìí ni wọ́n lé òun. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́ nínú ìwé, àmọ́ ẹni ọdún 64 tó ní ìyàwó àtọmọ, tó ti sin òkú gbogbo ilé, tó wá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, kì í ṣe ẹ̀rín ló wà nínú ẹ̀.

Manchester, ní Vermont náà, ló kọjá sí, ọdún mẹ́rin péré ló lò níbẹ̀ ṣùgbọ́n ibẹ̀ lohun tó fi orúkọ ẹ̀ sínú ìtàn òfin ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan, Russell Colvin, ti pòórá ní Manchester láti 1812. Lẹ́yìn ọdún méje, àbúrò bàbá ìyàwó Colvin lálàá pé ẹ̀mí Colvin wá bá òun, ó ní wọ́n pa òun ni, ó sì júwe ibi tí wọ́n sin òun sí. Wọ́n mú àwọn arákùnrin ìyàwó ẹ̀ méjì, Jesse àti Stephen Boorn. Wọ́n rí egungun, àwọn dókítà kọ́kọ́ ní ti èèyàn ni, wọ́n tún padà ní ti ẹran ni. Àwọn méjèèjì ti wá jẹ́wọ́ lábẹ́ ìfòòró, nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ wọn kan àtàwọn ará ìlú ń sọ fún wọn pé tí wọ́n bá jẹ́wọ́ ó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú. Kọ́ọ̀tù dájọ́ ikú fún àwọn méjèèjì, wọ́n yí ti Jesse padà sí ẹ̀wọ̀n gbére, ti Stephen dúró, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Jánúárì 1820 ni wọ́n máa so ó kọ́.

Pásítọ̀ Haynes ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò nínú ẹ̀wọ̀n. Stephen sọ fún un lọ́jọ́ kan pé òun ò jẹ̀bi bí Jésù Kristi ò ṣe jẹ̀bi, Haynes bá a wí pé kó má sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní rárá, òun mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ńlá lòun, ohun tóun ń wí ni pé òun ò pa Colvin. Haynes gbà á gbọ́ lọ́kàn. Gbogbo ìlú ti gbà pé wọ́n jẹ̀bi, àwọn fúnra wọn ti jẹ́wọ́, pásítọ̀ arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ló wà pẹ̀lú ọkùnrin tí wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá rí Colvin kó wí. Ẹnì kan kà á, ó rántí pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà ní New Jersey, kí Dìsẹ́ńbà 1819 tó parí, Russell Colvin wọ Manchester, ó ń mí, ó ń rìn. Wọ́n tú Stephen sílẹ̀. Haynes wàásù lórí ẹ̀, ó sì kọ ìtàn náà jáde lọ́dún 1820, títí dòní wọ́n ṣì ń mẹ́nu bà á tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún láìmọwọ́ mẹsẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àti bí ẹni tí ò ṣe nǹkan ṣe lè jẹ́wọ́ ohun tí ò ṣe.

Ọdún 1822 ló lọ sí South Granville ní ìpínlẹ̀ New York, ibẹ̀ ló ti wàásù títí dójú ikú. Lọ́dún kan ṣáájú ìyẹn, 1821, ni wọ́n kó ọmọ kan nílùú Òṣóògùn lẹ́rú, Àjàyí, tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Haynes ti lé ní 35 ọdún lórí iṣẹ́ nígbà yẹn, àwọn tó ń ra èèyàn ò sì tíì dáwọ́ dúró létíkun wa. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1833 ló kú, ẹni 80 ọdún. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí ibojì ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó ní ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ọ̀run àpáàdì tọ́ sí lòun, pé lórí ohun tí Kristi ṣe nìkan lòun gbé ìrètí òun lé, ó sì pe àwọn ọmọ ẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá ka ibẹ̀ pé kí wọ́n gbé tiwọn lé ibì kan náà. Ilé tó gbé ní South Granville ṣì wà, ìjọba àpapọ̀ kà á kún ibi ìtàn orílẹ̀-èdè lọ́dún 1975.

Lónìí, oríṣiríṣi èèyàn ló ń fà á. Àwọn ìjọ Congregational tó pọ̀ jù ti darapọ̀ mọ́ United Church of Christ láti 1957, wọ́n ní tiwọn ni, ẹ̀rí pé ìjọ wọn ti ń fọwọ́ lé aláwọ̀ dúdú lórí láti 1785. Àwọn onígbàgbọ́ tó di ẹ̀kọ́ John Calvin mú ṣinṣin, pé Ọlọ́run ló ń yan ẹni tó máa rí ìgbàlà, àwọn náà ní tiwọn ni, torí ìwàásù ẹ̀. Àwọn òpìtàn aláwọ̀ dúdú ní lára àwọn baba tó kọ́kọ́ kọ̀wé lòdì sí oko ẹrú ni. Gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n dì mú, àmọ́ mo rò pé ẹni tó bá mú ẹ̀kọ́ Calvin tó fi òmìnira sílẹ̀ tàbí tó mú òmìnira tó fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ti gé ọkùnrin náà sí méjì, torí inú Bíbélì kan náà ló ti mú ìwàásù Rutland àti àròkọ 1776.

Àwọn kan tún ń bi í pé kí ló dé tí kò pariwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ló dé tí ìwàásù tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìjọ. Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa bi í gbọ́dọ̀ rántí pé ìjọ òyìnbó ló ń dìbò fún un, pé oúnjẹ ọmọ mẹ́wàá wà lọ́wọ́ ìjọ yẹn, pé ó sì ṣì dìde lọ́jọ́ òmìnira ó sọ ọ́ sí wọn lójú.

Àròkọ 1776 yẹn ò jáde ní títẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ ló jẹ́ títí tí òpìtàn kan tó ń jẹ́ Ruth Bogin fi rí i ní yàrá ìkàwé Houghton ní Harvard, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1983, 207 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́. Látìgbà yẹn ẹnikẹ́ni lè kà á, ó ti wà nínú ìwé, ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì gùn ju ohun tí tíṣà lè fi kọ́ kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkéde Òmìnira ni gbogbo ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà ń kọ́. Ní ọdún tó pé 250 yìí, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn òbí wa tó wà lọ́hùn-ún béèrè lọ́wọ́ iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni pé kí wọ́n gbé ìwé méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀, ọdún kan náà ni wọ́n kọ wọ́n, gbólóhùn kan náà ló sì wà nínú àwọn méjèèjì.